Ẹsẹ̀ Tí Kò Gbúròó Ilẹ̀ Mọ́

Ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Côte d'Ivoire, níbi tí igbó kìjikìji ti ń tán lọ tí pápá ọ̀dàn sì ń bẹ̀rẹ̀, lójú ọ̀nà tó ti Abidjan wá tó sì ń lọ sí Burkina Faso àti Mali, ni ìlú Bouaké tẹ̀dó sí, ìlú àwọn Baoulé oníṣu, tí ọkọ̀ ojú irin dé ní ọdún 1912, tí ilé iṣẹ́ ìhunṣọ Gonfreville sì sọ di ìlú òwú àti ìlú aṣọ ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà. Ibi tí òwò bá wà, Yorùbá kì í jìnnà síbẹ̀. Ọmọ Èjìgbò, ọmọ Ògìyán, dé ibẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété dé ibẹ̀. Ọmọ Ọ̀fà tí ń fi ìjàkadì ṣe orò dé ibẹ̀. Ará Ìnísà àti ará Ìkìrun kò gbẹ́yìn. Àwọn onílẹ̀ sì ń pe gbogbo wọn ní Ànàgó, láìbéèrè ìlú ta ni ti ta ni. Wọ́n ta aṣọ, wọ́n ta abọ́, wọ́n ta ìlẹ̀kẹ̀ àti ohun èlò ilé, wọ́n sì bímọ tó ń sọ Faransé àti Dioula bí ẹni mu omi tútù. Iná jó ọjà ńlá ìlú náà ní ọdún 1998, wọ́n kó igbá wọn lọ sí etí títì. Ogun dé ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, Bouaké di ibùjókòó àwọn ọlọ̀tẹ̀ títí di ọdún 2011, ọ̀pọ̀ dókítà kó ẹrù wọn lọ, síbẹ̀ àwọn ìyá kan wà tí wọn kò lọ, nítorí ẹni tó ti bímọ sí ìlú kan, tó sì ti sin òkú síbẹ̀, kì í rọrùn fún un láti mọ ibòmíràn tí yóò sá sí.

Àwọn ìyá wọ̀nyí, àti àwọn bàbá tí wọ́n jọ dàgbà, ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Ọjọ́ orí ti dé, àtọ̀gbẹ sì ti bá púpọ̀ nínú wọn jókòó, àìsàn tí àwa tún ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà, tí àwọn Dioula aládùúgbò wọn ń pè ní sukaro bana. Bí ẹ bá bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù nínú rẹ̀, wọn a ní ojú tó ń fọ́ ni, kíndìnrín tó ń bàjẹ́ ni, egbò àtẹ́lẹsẹ̀ tí kì í jinná títí wọn yóò fi gé ẹsẹ̀ ni. Òótọ́ ni wọ́n sọ, kò sì sí èyí tí kò tó ohun ẹ̀rù nínú wọn. Ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ tó rí ẹni tí yóò dárúkọ ìṣubú, bẹ́ẹ̀ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sì sọ pé nínú gbogbo ìjàǹbá àìròtẹ́lẹ̀ tí ń pa ọmọ ènìyàn, ìjàǹbá ojú pópó nìkan ló ṣáájú ìṣubú, pé nǹkan bí 684,000 ẹ̀mí ni ó ń gbà lọ́dọọdún, pé àwọn tó ti lé ní 60 ọdún ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ní ilẹ̀ Yorùbá tiwa, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti Dókítà Bekibele láti Ìbàdàn wádìí ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn àgbà tó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì, ẹni ọdún 65 sókè, kárí ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí a ti ń sọ Yorùbá, nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́rin ló jẹ́wọ́ pé òun ṣubú láàrin ọdún kan. Wọ́n sì tẹ ìwádìí náà jáde ní ọdún 2010. Iye àwọn tó sọ ọ́ nìyẹn. Ẹni tó ṣubú tó sì panu mọ́ kò sí nínú ìṣirò. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ sì máa ń ṣubú ju ẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò ní in lọ, èyí tó ń gba abẹ́rẹ́ insulin nínú wọn sì tún wà nínú ewu jù.

Àwọn baba wa ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ọmọdé ń wo ẹni tí yóò wá gbé e. Àgbà ń wẹ̀yìn wo ohun tó gbé òun ṣubú. Ìmọ̀ràn tó wà nínú òwe yìí ga, ó sì dùn mí pé nínú ọ̀rọ̀ àtọ̀gbẹ a kì í tẹ̀lé e. Ìyá ṣubú, ó yára dìde, ó gbọn eruku kúrò lára ìró, ó wò yíká bóyá ẹnìkan rí òun, ó sì bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Bí eékún bá wú tí ọmọ béèrè, a ní àga ni òun fi gbá. Mo mọ ìdí rẹ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi í ṣe ẹlẹ́yà: ó mọ̀ pé lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá tú, ìpàdé ẹbí yóò jókòó, wọn yóò ní kí ó ti ìsọ̀, kí ó kó ẹrù, kí ó máa lọ sílé ní Èjìgbò, níbi tí àwọn ọ̀rẹ́ ìgbà èwe rẹ̀ ti kú tán. Àwọn mìíràn kò sì fi pamọ́, ṣùgbọ́n wọ́n gbé e fún ọwọ́ ayé, wọ́n ní wọ́n ti òun ni, wọ́n ní òun tẹ ohun tí kò yẹ kí òun tẹ̀. Bí a bá wẹ̀yìn wò dáadáa, a óò rí i pé ìṣubú náà ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún mélòó kan kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, àti pé ohun tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ṣe é mọ̀, ó sì ṣe é dá dúró.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ènìyàn ṣe ń dúró. Ẹlẹ́rìí mẹ́ta ni ọpọlọ ní tí ń sọ fún un níbi tí ara wà: ojú ń ròyìn ohun tó rí, ẹ̀yà kékeré kan wà nínú ihò etí tí ń ròyìn bí orí ṣe tẹ̀ àti bí ó ṣe yí, àtẹ́lẹsẹ̀ àti oríkèé ẹsẹ̀ sì ń ròyìn ilẹ̀, bóyá ó le, bóyá ó rọ̀, bóyá ó dagun tàbí ó tẹ́jú. Ṣúgà tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún púpọ̀ a máa ba àwọn iṣan tí ń gbé ìmọ̀lára jẹ́, a sì máa fún àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tíntìntín tí ń bọ́ àwọn iṣan náà pa. Èyí tó gùn jù ló kọ́kọ́ ń kú, ìyẹn ni pé orí ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, yóò sì máa gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí dé ibi tí ìbọ̀sẹ̀ máa ń dé. Nǹkan bí ìdajì àwọn tó ní àtọ̀gbẹ ni yóò ní irú rẹ̀ bó pẹ́ bó yá. Àwọn kan ń rí i bí iná tí ń jó wọn lẹ́sẹ̀ lóru, bí èèrà tí ń rìn lára. Àwọn wọ̀nyí a máa lọ sọ́dọ̀ dókítà. Àwọn mìíràn kò rí ìrora kankan, kìkì pé ó ń ṣe wọ́n bí ẹni pé orí òwú ni wọ́n ń rìn, wọ́n sì ń wí bẹ́ẹ̀ ní Bouaké tí òwú ti sọ di ìlú. Àwọn ẹni kejì yìí ni àyà mi ń já fún, nítorí ẹsẹ̀ wọn kò gbúròó ilẹ̀ mọ́, wọn kò sì mọ̀.

Orúkọ ọmọ Yorùbá kan wà tó yẹ kí a máa fi ọ̀wọ̀ dá níbi tí a bá ti ń sọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ tó kú: Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oluwakayode Osuntokun, ọmọ Òkèmẹ̀sí, tí a bí ní 1935 tó sì papòdà ní 1995, oníṣègùn ọpọlọ àti iṣan ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn. Ọkùnrin yìí tọ ipa àìsàn kan tí ń ṣe àwọn ará agbègbè Ẹ̀pẹ́, tí ẹsẹ̀ wọn ń kú, tí ojú wọn ń di bàìbàì, tí wọ́n sì ń rìn tàgétàgé. Ó sì nawọ́ sí oró inú ẹ̀gẹ́ tí a kò ṣe yanjú, lára àwọn tí kò ní oúnjẹ mìíràn ju ẹ̀gẹ́ lọ. Ní ọdún 1971, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún tẹ ìwé jáde lórí àwọn ọmọ Nàìjíríà 832 tó ní àtọ̀gbẹ, ní àkókò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì gbà pé àìsàn òyìnbó ni. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ẹni tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lójú ọ̀nà kò mutí, ayé kò sì dì í. Iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ ló ń kú, ó sì tọ́ kí a wá ohun tó ń pa á.

Ẹ jẹ́ ká wọ balùwẹ̀ wàyí, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń hàn kedere. Ìdájí ni, ìyá fẹ́ wẹ̀ kí ó tó lọ sọ́jà. Ilẹ̀ balùwẹ̀ jẹ́ sìmẹ́ńtì tí birikílà dán, tí omi ọṣẹ ọjọ́ pípẹ́ sì ti sọ di yíyọ̀. Gáràwá omi wà níwájú rẹ̀. Ó bomi sára, ó fi kànìnkànìn bọ ọṣẹ, ó wẹ apá, ó wẹ àyà, kò sí ewu. Nígbà tí ó kan ojú, ó fi ọṣẹ ra á, ó sì di ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì pinpin kí ọṣẹ má bàa ta á. Ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an, ẹlẹ́rìí tó ń gbé gbogbo ẹjọ́ náà rù ti fi ilé ẹjọ́ sílẹ̀: ẹsẹ̀ ti dákẹ́ tipẹ́, ojú tí ń bá a ròyìn sì ti pa dé, etí nìkan ló kù, etí àgbà kò sì lè dá a ṣe. Ara fì, ó nawọ́ sí ògiri, ògiri kò sí níbi tó fojú sí. Dókítà ará Jámánì kan, Moritz Romberg, ti ṣàkọsílẹ̀ irú àmì yìí láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, títí di òní olónìí sì ni àwọn dókítà ń ní kí aláìsàn pa ẹsẹ̀ pọ̀ kí ó sì di ojú, kí wọ́n wò bóyá yóò fì. Ẹni tí ó bá ti ń fi ọwọ́ kan wá ògiri bí ó bá ń fọ ojú, àyẹ̀wò náà ti ṣe ara rẹ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ju agbára ilé wa lọ. Kí a gbé àpótí tó fìdí múlẹ̀ sí balùwẹ̀, kí ìyá máa jókòó wẹ̀; kí a pe birikílà kí ó fi irin ha sìmẹ́ńtì náà kí ó le lábẹ́ ẹsẹ̀; kí a pe wẹ́dà kí ó gé irin kan, kí birikílà rì í mọ́ ògiri ní ìwọ̀n ibi tí ọwọ́ ìyá tó, kí ó le tó bẹ́ẹ̀ tí géńdé ọkùnrin fi lè rọ̀ mọ́ ọn láìyẹ̀. Irú irin bẹ́ẹ̀ yẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáláńgá náà, nítorí ìlóṣòó àti ìdìde níbẹ̀ ń gbé púpọ̀ ṣubú. Owó gbogbo rẹ̀ kò tó ti aṣọ ẹbí kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ni a kì í sì í jiyàn lórí owó aṣọ ẹbí.

Òkèèrè ni olójú jíjìn ti ń mẹ́kún sun. Ọ̀nà kan wà tí ọmọ lè fi mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ ṣì ń gbọ́, tí kò ná an ní kọ́bọ̀, tí kò sì gba ẹ̀rọ kankan. Àwọn oníṣègùn ìlú Ipswich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbé e jáde ní bí ọdún 2011, a sì lè ṣe é lórí ẹní nínú ilé. Kí ìyá dùbúlẹ̀ kí ó na ẹsẹ̀, kí ó bọ́ bàtà, kí ó di ojú. Kí ọmọ sọ fún un pé, "Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, nígbàkúùgbà tí mo bá fọwọ́ kàn yín, kí ẹ sọ pé ọ̀tún ni tàbí òsì ni." Lẹ́yìn náà, kí ó fi orí ìka ìfábẹ̀là rẹ̀ kan orí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún fẹ́rẹ́, fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi lè ka ení èjì, kí ó gbé e kúrò, kí ó kan ọmọ ìka tó kéré jù lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀ òsì, kí ó wá padà sí ìka àárín ti ọ̀tún àti ti òsì. Ibi mẹ́fà ni gbogbo rẹ̀. Kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́, kò gbọdọ̀ rìn ín, kò gbọdọ̀ kan ibì kan lẹ́ẹ̀mejì, kò sì gbọdọ̀ béèrè pé "ṣé ẹ gbọ́ ọ?" nítorí àgbà a máa dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni láti fi ọmọ lọ́kàn balẹ̀. Bí ìyá kò bá mọ̀ ní ibi méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú mẹ́fà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń kú nìyẹn, kí a sì mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà láìjẹ́ pé egbò yọ, láìjẹ́ pé ó ṣubú. Kí a rántí sọ fún dókítà bí ó bá ti pẹ́ tí ìyá ti ń lo metformin, nítorí oògùn rere ni, ṣùgbọ́n a máa dín fítámì B12 kù lára lẹ́yìn ọdún púpọ̀, àìtó fítámì yìí náà sì ń pa iṣan ẹsẹ̀, ó sì ṣe é tọ́jú.

Ní ti ojú, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀: kí a yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ì báà máa fọ́, ì báà dáa, nítorí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú ń fi ojú rìn.

Ìṣubú mìíràn wà tí kò bá ẹsẹ̀ tan, ohun tó sì ń fà á ni ṣúgà tó lọ sílẹ̀ jù. Ó jẹ mí lógún nítorí ìtọ́jú gan-an ló ń mú un wá, àti nítorí pé ìṣe ọjà ń ràn án lọ́wọ́. Ìyá lo oògùn rẹ̀ ní ìdájí, bóyá glibenclamide tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Daonil, tàbí kí ó gba abẹ́rẹ́ insulin. Ó ní òun yóò jẹun bí òun bá dé ìsọ̀. Oníbàárà dé, òmíràn dé, ọkọ̀ ẹrù dé, oòrùn kan àtàrí, kò tíì jẹ nǹkan kan. Oògùn kò dúró de oúnjẹ. Òógùn tútù bò ó, ọwọ́ ń gbọ̀n, àyà ń lù kìkì, ebi líle mú un. Bí ó bá jẹ́ àgbà tí àtọ̀gbẹ ti pẹ́ lára rẹ̀, ó lè máà rí ọ̀kankan nínú àmì wọ̀nyí, kí ó kàn máa sọ ìsọkúsọ, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ta kọ́ra, kí ó sì lọ lulẹ̀ láàrin abọ́ tó ń tà.

Kí gbogbo ilé mọ iye tó jẹ́ ewu, nítorí ìdàrúdàpọ̀ wà níbẹ̀. Ní Bouaké, gíráàmù nínú lítà kan ni dókítà máa ń fi ka ṣúgà, bí ó bá ti kéré sí 0,70, ó ti lọ sílẹ̀ jù. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí àwọn ará ilé ń lò ní Nàìjíríà yóò pe iye kan náà ní 70. Ẹ̀rọ tí ọmọ rà ránṣẹ́ láti London yóò pè é ní 3,9. Kí a kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí pátákó kan, kí a kàn án mọ́ ògiri níbi tí ẹ̀rọ wà. Nígbà tí ṣúgà bá lọ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí a kọ́kọ́ jókòó, kí a má rìn lọ wá nǹkan kan; kí a fi kóró ṣúgà mẹ́ta sẹ́nu, irú èyí tí wọ́n fi ń mu kọfí níbẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ tó gíráàmù 5; kí a dúró fún ìṣẹ́jú 15, kí a tún wọ̀n ọ́n; bí kò bá tíì gòkè, kí a ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí a sì jẹun gidi lẹ́yìn náà. Ẹni tí kò bá mọ ara rẹ̀ mọ́, a kò gbọdọ̀ da ohunkóhun sí i lẹ́nu, ilé ìwòsàn ló kàn. Ẹni tó ń lo glibenclamide sì gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ dókítà bí ara rẹ̀ tilẹ̀ ti balẹ̀, nítorí oògùn náà lè máa fa ṣúgà sílẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Ibi tí ìyá ń di owó mọ́ létí ìró ni kí ó máa di kóró ṣúgà mẹ́ta náà mọ́, nínú ọ̀rá kékeré, kí ó má bàa jìnnà sí i.

Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ tí ń fi owó oògùn ránṣẹ́ gbọ́ èyí pẹ̀lú: bí àgbà bá ti ní àìsàn mẹ́ta mẹ́rin lára, kì í ṣe ẹni tí a óò máa lé ṣúgà rẹ̀ sílẹ̀ bí ti ọ̀dọ́. Ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ àtọ̀gbẹ ní Amẹ́ríkà ti gbà pé fún irú wọn, àyẹ̀wò ṣúgà oṣù mẹ́ta tí kò bá kọjá 8 nínú 100 dára tó, nítorí èyí tó ń wá 6 lè fi ìbàdí tó ṣẹ́ rà á. Nígbà Ramadan, kí ẹni tó ń lo oògùn tí ń fa ṣúgà sílẹ̀ rí dókítà kí oṣù tó lé. Kùránì fúnra rẹ̀ yọ̀ǹda aláìsàn. Kò sì yẹ kí a máa da àgbo ìtọ̀ ṣúgà lé oògùn dókítà lórí láìjẹ́ kí dókítà mọ̀, nítorí méjèèjì lè pawọ́ pọ̀ fa ṣúgà kọjá ibi tó yẹ.

Òmíràn sì ni òòyì ìdìde. Àtọ̀gbẹ a máa pa iṣan tí ń darí òpó ẹ̀jẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ìfúnpá yóò fi já wálẹ̀ nígbà tí ènìyàn bá dìde lójijì, pàápàá ẹni tó tún ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí oògùn oorun. Kí a ní kí dókítà wọn ìfúnpá náà ní ìdùbúlẹ̀, kí ó sì tún un wọ̀n ní ìdúró láàrin ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bí iye ti òkè bá fi 20 já wálẹ̀, tàbí ti ìsàlẹ̀ fi 10, òun ni. Kí ẹni bẹ́ẹ̀ máa jókòó létí ibùsùn kí ó máa gbé gìgísẹ̀ sókè sódò fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó dìde. Alájì tí òòyì ń kọ́ bó bá ti ìforíkanlẹ̀ dìde lè jókòó lórí àga kírun, ẹ̀sìn kò kọ̀ ọ́.

Oru ni gbogbo nǹkan wọ̀nyí ń pàdé ara wọn. Ṣúgà tó pọ̀ ń mú kí ìtọ̀ gbọ̀n ènìyàn lẹ́ẹ̀mẹta lẹ́ẹ̀mẹrin lóru. Nínú àgbàlá tí ìdílé púpọ̀ jọ ń lò, irú èyí tí àwọn ará Bouaké ń pè ní cour commune, ilé ìtọ̀ wà ní igun ọ̀hún, ìkòkò ìdáná àti bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ ilé wà lójú ọ̀nà, iná mànàmáná lè má sí. Àgbà sì ti orun dìde, òòyì ń kọ́ ọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọ́ ilẹ̀, ojú kò rí nǹkan, ìtọ̀ ń lé e. Kí a gbé póò sábẹ́ ibùsùn rẹ̀, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Kí fìtílà oníbátìrì wà níbi tí ọwọ́ rẹ̀ yóò kàn án kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan ilẹ̀. Kí a ká ẹní àti kápẹ́ẹ̀tì tí etí rẹ̀ ti ká sókè kúrò, kí ìró òru má sì wọ́ ilẹ̀. Bí ìtọ̀ òru bá pọ̀, kí dókítà gbọ́, nítorí ó lè jẹ́ pé ṣúgà ti sá sókè.

Ní ti bàtà, sílípáàsì tí à ń fi ọmọ ìka méjì há, tí wọ́n ń pè ní tapette níbẹ̀, ni ọ̀tá ẹsẹ̀ tó kú, nítorí ó lè yọ kúrò lẹ́sẹ̀ kí ẹni tó wọ̀ ọ́ má mọ̀. Bàtà rọ́bà lêkê tí tọmọdé tàgbà ń wọ̀ ní Côte d'Ivoire sàn jù ú lọ ní ti pé ó ní okùn lẹ́yìn, àmọ́ rọ́bà rẹ̀ le, a sì máa ha ẹsẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ sì ń gba ojú ihò rẹ̀ wọlé; ẹni tí kò mọ ìrora yóò fi òkúta rìn títí di alẹ́. Bàtà tó bo ọmọ ìka, tó ní okùn lẹ́yìn, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tí kò sì yọ̀, ni kí a rà, kí a máa fi ọwọ́ wá inú rẹ̀ kí a tó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, kí a sì máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ lálaalẹ́. Ìrìn ẹsẹ̀ lásán dópin fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, nínú ilé àti lóde.

Àwọn ọmọ Ọ̀fà mọ̀ pé a kì í fi ẹnu ja ìjàkadì, itan àti ìbàdí la fi ń jà á. Ẹni tó bá ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan a máa bẹ̀rù, a máa jókòó láti àárọ̀ dalẹ́, àwọn ọmọ a sì máa sọ pé "Ìyá, ẹ jókòó, ẹ má ṣe wàhálà". Ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n ìjókòó náà ń jẹ itan run, ìṣubú kejì sì ń bọ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ àjọ Cochrane, tí ń kó ìwádìí ìṣègùn jọ, kó ìwádìí tó lé ní 100 jọ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2019, wọ́n rí i pé eré ìdárayá ń dín ìṣubú àwọn àgbà kù ní 23 nínú 100, pàápàá èyí tó ń mú ẹsẹ̀ lágbára tó sì ń kọ́ ara ní ìdúró. Kí ìyá jókòó lórí àga líle tó kan ògiri, kí ó ká apá mọ́ àyà bí ó bá lè ṣe é, kí ó dìde, kí ó rọra jókòó, bí ìgbà mẹ́wàá; kí ó di tábìlì ìsọ̀ mú, kí ó gbé gìgísẹ̀ sókè; kí ó fi gìgísẹ̀ kan kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ kejì, kí ó dúró bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ọmọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ní egbò lẹ́sẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣe ti ìdúró kí egbò tó jinná.

Bí ìṣubú bá sì ṣẹlẹ̀ náà, kí a má fà á dìde wuuru. Kí a kọ́kọ́ wọn ṣúgà rẹ̀ níbi tó wà. Egungun alátọ̀gbẹ a máa ṣẹ́ ju bí ó ti rí lójú lọ. Bí ẹsẹ̀ kan bá kúrú ju èkejì tí ó sì yí síta, tí kò lè gbé e, ìbàdí ló ṣẹ́, kí a má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òrí wọ́ ọ, kí àwọn tí ń to eegun nílé má sì dé ibẹ̀. Ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì, CHU Bouaké, ni kí ọkọ̀ kọjú sí. Bí ó bá fi orí gbá ilẹ̀, kí a máa ṣọ́ ọ bí ó tilẹ̀ ń sọ̀rọ̀.

Níbẹ̀, Faransé ni dókítà yóò sọ, ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ ni yóò sì ṣe ògbifọ̀. Àgbà yóò ní kí ó sọ pé kò sí nǹkan kan, pé òun kàn yọ̀ ni. Kí ọmọ náà fi ọ̀wọ̀ gba ọ̀rọ̀ yẹn, kí ó sì ròyìn ìyókù fún dókítà: ìgbà mélòó ni ó ti ṣubú láàrin ọdún yìí, òru ni tàbí ọ̀sán, ó ń ti ibùsùn dìde ni tàbí ó ń wẹ̀, ìgbà wo ni ó jẹun kẹ́yìn, kí ni ẹ̀rọ kà, kí ó sì da gbogbo oògùn tó wà nínú àpò ìyá jọ sórí tábìlì, ti fámásì, ti ọjà, àti àgbo tó wà nínú ìgò.